Fèrèsé Pákó Ìyá Àgbà Mi

Aunty olóòtú, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí gbogbo àdúgbò wa ní Kétu ló ń gbọ́ yín.

Ọdún kìíní ni mo wà ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́ ni mò ń kọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi ni mò ń gbé. Fèrèsé pákó ilé wọn ti jẹrà, Uncle mi sì fẹ́ fi alumíníọ̀mù rọ́pò gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà kọ̀ jálẹ̀. "Ìdajì ni alumíníọ̀mù tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ń ṣí. Ṣé ìdajì ara mi ni ooru ń mú ni?" Wọ́n bá kọjú sí mi: "Injiníà mi, kí la máa ṣe?"

Mo fi ìṣó gún pákó náà káàkiri, mo rí i pé ìsàlẹ̀ tí omi òjò ń dúró sí nìkan ló rà. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Bàbá Rafiu káfíńtà gé ibi tó rà kúrò, wọ́n fi ìrókò tuntun sí i, wọ́n sì gé e kó dagẹ̀rẹ̀ kí omi lè máa ṣàn dànù. Òjò ti rọ̀ léraléra, kò sí wàhálà. Inú mi dùn gan-an.

Àmọ́ Ìyá àgbà ti ròyìn mi kiri. Alhaja tí ilé wọn kọjú sí tiwa ní kí n wá yẹ fèrèsé tiwọn wò ní Sátidé. Ilé kan péré ni mo mọ̀! Bí mo bá ṣì wọ́n lọ́nà ńkọ́? Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n lọ ni, àbí kí n ní kí wọ́n pe Bàbá Rafiu? Ẹ tètè dá mi lóhùn o. Alhaja ní àwọn máa se mọ́ínmọ́ín dè mí, mi ò sì fẹ́ jẹ ohun tí mi ò ṣiṣẹ́ fún.

Èmi ni, ọmọ Kétu tí ẹ̀rù ń bà.