Ọmọ Mi Kápútẹ́nì Tí Kò Gbé Ọwọ́ Sórí

Bogumiła ọmọ mi,

Ìyìn ni fún Jésù Kristi. Èmi ni. Èmi bàbá rẹ ni mo wọkọ̀ wá sí Warszawa lẹ́yìn Àjíǹde tí mo lọ fẹjọ́ rẹ sun kọ́nẹ́ẹ̀lì rẹ. Kì í ṣe Wit àbúrò rẹ o, Wit ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́, mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lórí ìwé títí, gbogbo rẹ̀ náà ni mo sì fi dáná. Ó dáa, ó ti jáde lẹ́nu mi báyìí, mo lè wá kí ọ bó ṣe yẹ.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé àwọn tó wà lábẹ́ rẹ ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ, ìbọn ò ní ṣèèṣì yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ojú rere ni wọn yóò máa fi wò ọ́ níbi iṣẹ́, lọ́lá Màríà Mímọ́. Ìyá rẹ kí ọ, ó wà nídìí wàràkàṣì. Àwọn ẹyẹ àkọ̀ ti pa ọmọ lórí òpó iná, màlúù dúdú ti bímọ, abo ni. Fádà wa ra ẹ̀rọ kan tó lè fi lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì láti inú fóònù rẹ̀, ni agogo bá ń dún lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbogbo wa gbé korobá omi, a sáré jáde, a rò pé ilé ń jó. Àṣé Fádà ló jókòó lé fóònù lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín ní Bielsk.

Ìdí tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù ni pé mo gbọ́ pé ìjọba ń gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn ọ̀gá sójà bá ń sọ lórí fóònù, mi ò sì fẹ́ kí mínísítà mọ̀ pé ọ̀dẹ̀ ni mí. Ìwọ nìkan ni kó o mọ̀ ọ́n ná.

Jẹ́ kí n sọ bí ojú mi ṣe rí i ní Sátidé Mímọ́, nígbà tí a gbé agbọ̀n oúnjẹ lọ fún Fádà láti bùkún. Ìwọ ń jáde bọ̀ láti inú ṣọ́ọ̀ṣì, o fi ọwọ́ méjèèjì gbé agbọ̀n, aṣọ sójà lọ́rùn rẹ, ṣùgbọ́n orí rẹ ṣófo, fìlà rẹ wà lórí ẹyin nínú agbọ̀n. Wit ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ géètì bọ̀ ní tirẹ̀, fìlà sójà wà lórí rẹ̀. Bó ṣe rí ọ, ó dúró gbọn-in, ó lu gìgísẹ̀ pọ̀, ó gbé ìka méjì sí etí fìlà bí àwọn sójà wa ṣe ń kí ọ̀gá. Kí n má parọ́, ó kọ́kọ́ bí mi nínú, torí o mọ̀ pé níbí, bí ọkùnrin bá fẹ́ kí ẹni tó jù ú lọ, ńṣe ló máa ń ṣí fìlà, ọmọ yìí wá ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí! Mo ní kò burú, ó kúkú gbé ọwọ́. Ìwọ tó ti ṣí fìlà ni mò ń wò. Mo rò pé torí àtikí i lo ṣe ṣí i, mo wá ń retí ìkíni. O dúró, o tẹ orí ba díẹ̀, o bá tìrẹ lọ. Ọwọ́ kankan ò gòkè. O ò tilẹ̀ gbé agbọ̀n sílẹ̀.

Leokadia aládùúgbò wa fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ní, Bàbá Kápútẹ́nì, ṣé ẹ rí i, ó mi orí sí àbúrò rẹ̀ bí ìgbà tí màlúù ń lé eṣinṣin! Ọkọ rẹ̀ ní kí ó má dá mi lágara, ó ní tó bá tún dọdún tó ń bọ̀ èmi náà á kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ kí n tó bá ọmọ mi jẹun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n sọ́séèjì ọjọ́ Àjíǹde ò dùn lẹ́nu mi rárá.

Mo rò ó síwá sẹ́yìn. Mo ní, Apolinary, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí ò yé ọ, ilé ìwé àwọn àgbẹ̀ ní Bielsk lo ti jáde, wọn ò kọ́ ọ ní ti sójà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iyèméjì ò dá ẹsẹ̀ mi dúró rí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé mò ń lọ rí dókítà ojú, mo gbé sọ́séèjì ẹlẹ́ẹ̀fín dání, ó di ẹnu géètì bárékè yín ní Warszawa.

Obìnrin kan wà nínú ògiri níbẹ̀. Mi ò rí i, ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́, ó ní kí ni mo fẹ́. Mo ṣí fìlà mi fún un, mo sì kó gbogbo rẹ̀ fún un tọkàntọkàn, orúkọ mi, ẹsẹ̀ mi tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí wọn ò fi gbà mí sí ogun nígbà tèmi, agbọ̀n, ẹyin, gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní, Bàbá, bọ́tìnì kan wà níwájú yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Sójà tó wà lẹ́yìn mi kọjú sí ìta, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì jáde wá fúnra rẹ̀. Ohun tí mo rí lẹ́nu géètì yẹn, ó yà mí lẹ́nu títí dòní. Ọmọ sójà kan tí irorẹ́ bo ojú rẹ̀ kí i, Kọ́nẹ́ẹ̀lì dá ọ̀rọ̀ tó ń bá ọ̀gá míì sọ dúró, ó gbé ìka méjì, ó dá a lóhùn. Òmíràn kí i, ó tún dá a lóhùn. Ènìyàn ńlá! Alága kánsù wa níbí kì í wo ojú mi tí mo bá kí i. Ìyẹn ló wá dá kún ìbínú mi. Mo ní, Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ tó báyìí ń dá ọmọ kékeré lóhùn, ọmọ tèmi ò dá àbúrò rẹ̀ lóhùn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, gbèsè ẹni méjì ni ìkíni, ẹni tó wà lókè tí kò bá jẹ́ ẹ jẹ̀bi bí ẹni tó wà nísàlẹ̀, òun á bi ọ́ léèrè. Ó kọ̀, kò gba sọ́séèjì. Mo bá fi í sílẹ̀ lábẹ́ ògiri fún obìnrin inú rẹ̀.

Wit wá wálé ní Pẹ́ńtíkọ́sì, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní wọn yóò fi òun jẹ oyè kọ́pùrà lọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọ ogun nínú oṣù kẹjọ, òun sì ti bẹ̀ ọ́ kó o wá, kó jẹ́ ìwọ ni òun máa kọ́kọ́ kí gẹ́gẹ́ bíi kọ́pùrà. Ó ní o dá òun lóhùn pé kí òun lọ kí ẹni tí òun fẹjọ́ rẹ sùn fún. Ó ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì dá ọ láre lójú ẹsẹ̀ tó o ṣàlàyé, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tó fẹjọ́ sùn, àfi pé láti inú ilé rẹ ni ẹjọ́ ti wá, o sì ti gbà pé òun ni. Ọmọ yìí ń jẹ ọ̀dùnkún, omi ń dà lójú rẹ̀ sínú àwo.

Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan, mo ní, àbí kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n rẹ ò fi gbé ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn? Ó wò mí. Ó mú fìlà rẹ̀, ó dé e, ó ṣí i, ó ní, Bàbá, ẹ wò ó, bí fìlà bá wà lórí, ọwọ́ á gòkè, idì tó wà lára fìlà là ń bu ọlá fún. Bí fìlà ò bá sí lórí, ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ gòkè, orí lèèyàn máa tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó na ẹ̀yìn, ó wò mí lójú, ó tẹ orí. Odidi ìkíni nìyẹn, Bàbá, ẹyọ kan ò dín níbẹ̀. Orí ìrìn ni àwọn ọ̀gá míì ti máa ń mi orí sí wa. Òun dúró.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ rò pé àìsàn ló kì mí mọ́lẹ̀, ó ń da omi lé mi lórí. Ayé wo nìyí, tó jẹ́ fìlà lèèyàn máa dé kó tó lè fọwọ́ kíni! Èmi lọ fẹjọ́ ọmọ sùn nítorí ọlá tó bu fún àbúrò rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Mo ní ọ̀dùnkún ló gbóná. Wit padà sí bárékè rẹ̀ ní Białystok pẹ̀lú ẹ̀bi tó jẹ́ tèmi.

Àná ni mo sọ fún ìyá rẹ. Ó gbé wàràkàṣì kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, ìwọ Bàbá Bogumiła, ìwọ tí wọn ò gbà sí ogun nítorí ẹsẹ̀, ìwọ lo wá ń kọ́ kápútẹ́nì bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kíni!

Bogumiła, má bínú. Mi ò mọ̀ bóyá bàbá máa ń bẹ ọmọ báyìí, àmọ́ mò ń bẹ̀ ọ́. Tó o bá fẹ́ bínú, èmi ni kó o bá bínú, má bá Wit bínú. Lọ síbi àjọ̀dún náà, jọ̀ọ́, dúró síbi tí ojú rẹ̀ á ti rí ọ.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ti dákẹ́. Má fi í sínú fóònù, nọ́ńbà ìgbowó tó o fi ránṣẹ́ nígbà yẹn, àkókò rẹ̀ ti kọjá kí n tó rí awò ojú mi. Bó bá sì jẹ́ pé inú ń bí ọ, má fi ránṣẹ́, a óò máa fi korobá fa omi. Ọlọ́run á gbé ọ ga, á sì fi àbúrò rẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ títí ọjọ́ ogbó.

Mi ò ní dúró de èsì rẹ. Lọ́la, màá wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ lọ sí Białystok, màá ní kí wọ́n pe Wit wá sí ẹnu géètì, màá sì sọ fún un lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé èmi ni.

Bàbá rẹ,
Apolinary