Ipò Kìíní Ni Mo Fún Ọ

Ojú Àwòdì ọmọ mi,

Ẹ̀rù ń bà mí pé èmi bàbá rẹ ni mo ba iṣẹ́ tuntun tó ò ń wá jẹ́. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ, màá máa kí ọ lọ ni, ìwé á kún, n ò sì ní lè sọ ọ́ mọ́. Fọ́ọ̀mù tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn oníhóró fi ránṣẹ́ sí mi nípa rẹ, mo ti kọ ọ́, mo ti fi ránṣẹ́ padà, ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé bí mo ṣe kọ ọ́ kò dáa.

Ó tó, jẹ́ kí n kí ọ wàyí. Ṣé ara le? Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó máa ń wú, ṣé ó ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú rẹ rí ibi, ọ̀nà tó dí á là fún ọ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ wà, orúnkún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, òun ló jókòó tì mí yìí tó ń wo ọwọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ létí oko, ó ní òun fẹ́ rí gbogbo ohun tí mo bá kọ lẹ́ẹ̀kejì yìí. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò. Káfíńtà wá, ó gun orí ilé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ò rí ihò kankan. Ní ọjọ́ kejì òjò rọ̀, òjò rí i.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni mò ń bọ̀ wá sọ. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún, ọmọbìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù oògùn níwájú ilé wa, èyí tó o máa ń pè wá lórí fóònù rẹ̀, wá bá mi. Ó ní ìwé kan wọ inú fóònù òun, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀. Ó gbé fóònù náà sún mọ́ ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà kùn, ó sì pọ ìwé jáde, ojú ewé mẹ́rin gbáko. Mo bi í bóyá fóònù náà ti fúyẹ́ díẹ̀ báyìí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó fẹ́ jókòó tì mí kó bá mi kà á, mo ní kó máa lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, mo ní ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́, kò sí fọ́ọ̀mù tí n ò mọ bàbá tó bí i. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi funfun, mo nu tábìlì, mo fi kábọ̀n sábẹ́ ìwé kí ẹ̀dà kan lè wà lọ́wọ́ mi, bí a ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì. Nígbà tí mo parí, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ fúnra mi.

Ìwà mẹ́fà ni wọ́n tò sójú ewé kejì, wọ́n ní kí n kọ nọ́ńbà síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí ení dé orí àrún. O mọ̀ pé èmi ni mo máa ń kọ ipò àwọn ọmọ sínú ìwé èsì ìdánwò. Ọmọ tó bá gba ipò kìíní, sísáré ló ń sáré lọ sílé. Èyí tó bá gba ìkarùn-ún, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà wọlé. Nítorí náà, òtítọ́ inú, mo kọ ení. Aápọn, ení. Sùúrù, ení. Títètè dé ibi iṣẹ́, ení. Nígbà tó kan bíbá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ pọ̀, mo fún ọ ní èjì, kí wọ́n má baà ní bàbá ló ń ṣègbè. Ó wá ku ìmọ́tótó. Mo jókòó tì í pẹ́. Ìyá rẹ ní kí n fún ọ ní ení, mo ní ẹ̀rí ọkàn mi ò gbà á, ṣé òun náà ti gbàgbé bí abẹ́ ibùsùn rẹ ṣe máa ń rí ni? Mo kọ àrún.

Ọmọbìnrin oníṣọ́ọ̀bù yìí ló gbé fọ́ọ̀mù inú fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dà kábọ̀n mi, ó fi ìka hàn mí níbi tí wọ́n kọ ọ́ wínníwínní sí nísàlẹ̀, pé àrún ló dára jù, ení ló burú jù. Ohun tí mo wá sọ fún wọn ni pé ọmọ mi kì í sòótọ́, ọ̀lẹ ni, kò ní sùúrù, kì í tètè dé, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní.

Ibi tí wọ́n ní kí n sọ nípa ìwà rẹ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, mo kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo mú ọ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ. Mo ní ọmọ yín ni, ẹ bá wa tọ́ ọ, ó lórí kunkun díẹ̀, bó bá ṣẹ̀ kí ẹ má wojú wa kí ẹ tó bá a wí. Ṣé o rántí pé aránṣọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó fà ọ́ mọ́ra, ó ní Bàbá, ọmọ tí wọ́n bá bú báyìí, ọmọ gidi ni? Ọmọbìnrin oníṣọ́ọ̀bù ka èyí, ó mí kanlẹ̀, ó ní àwọn yẹn ò ní rẹ́rìn-ín o. Ìsàlẹ̀ pátápátá, àpótí kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ti ọ́fíìsì nìkan ni. Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń kọ apá yẹn nínú gbogbo fọ́ọ̀mù, ọwọ́ mi ò tiẹ̀ dúró bi mí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti gbà á síṣẹ́, mo sì fọwọ́ sí i.

Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín sí ìyẹn títí ó fi di orúnkún rẹ̀ mú. Ó ní èmi nìkan ni bàbá tó gba ọmọ ara rẹ̀ síṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí kò dé rí. Èyí tó kù ni a ò rí rín.

Ojú ewé kẹta, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó ń wáṣẹ́ yìí sọ fún àwọn pé wọ́n dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́ tí òun ṣe fún ọdún mọ́kàndínlógún, ó ti di oṣù mẹ́jọ báyìí, ǹjẹ́ mo lè jẹ́rìí sí i? Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé RÁRÁ O. Mo ní ilé iṣẹ́ ìgò ni ọmọ mi wà, ó jókòó síwájú iná mànàmáná, ìgò ń kọjá níwájú rẹ̀, ó ń yọ èyí tó sán kúrò, mo fi ojú ara mi rí i nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan. Mo ní ó kàn fẹ́ lọ síbi tó sàn jù ni, ẹni kan ló forúkọ rẹ̀ sọ èyí láti bà á jẹ́ lójú yín. Mo ní ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún yín, ọ̀tá ni. Mo fi rúlà fàlà sábẹ́ ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọbìnrin yìí kà á tán. Ó kàn bi mí pé Bàbá, ṣé ẹ ti bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀? Ó pe àbúrò rẹ awakọ̀ lórí fóònù, ó gbé e fún mi. Má bínú sí àbúrò rẹ. Ó kọ́kọ́ ń sọ pé n ò gbọ́ yín dáadáa, Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo ní kó lọ dúró síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti sùn sí kó jí i. Nígbà tó yá, ó sunkún. Ó ní wọ́n gbé ẹ̀rọ tó lójú wá, ó ń wo ìgò ju ènìyàn lọ, ni wọ́n bá ní kí ẹ̀yin ọgbọ̀n máa lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n fún yín ní páálí kí ẹ kó ẹrù yín sí. Ó ní àtẹ̀gùn ilé alájà lò ń fọ̀ ní ìdájí báyìí. Ó ní gbogbo ibi tó o gbé ìwé lọ, àwọn kan ní o ti dàgbà jù, àwọn kan ní ìgò nìkan ni ojú rẹ mọ̀ ọ́n wò. Àwọn olóògùn yìí nìkan ló fún ọ ní àga. Wọ́n da hóró oògùn síwájú rẹ, wọ́n ní kó o ṣa èyí tó bu, o ṣa gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ó ní fọ́ọ̀mù mi nìkan ló kù, ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n máa pinnu.

Ìyá rẹ bi mí bóyá ẹ̀rọ náà ò lè wo ìdajì ìgò, kí ìwọ wo ìdajì. Èmi náà ń rò ó pé ta ló ń fi omi tútù bọ́jú fún un, bí ìwọ ṣe máa ń ṣe bó o bá dé láti ibi iṣẹ́.

Ọmọ mi, ìgbà tó o pè wá kẹ́yìn tá a rí ojú rẹ nínú fóònù, aṣọ iṣẹ́ búlúù yẹn lo wọ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ pé wò ó, wọ́n tún ń jẹ́ kó pe ilé lẹ́nu iṣẹ́. Mo rí àpò àyà aṣọ náà. Mo rí ibi tí wọ́n ti tú àmì ilé iṣẹ́ kúrò, òwú tín-ín-rín ṣì wà níbẹ̀. Mo rí i, mo ní bóyá wọ́n fẹ́ fún wọn ní tuntun ni. Lẹ́yìn náà ojú rẹ dúró gbagidi nínú fóònù, o ò mira, ẹnu rẹ là díẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ náà dákẹ́, a rò pé ò ń gbàdúrà fún wa ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. A ṣe àmín.

Mo ti bi ara mi pé irú bàbá wo ni ọmọ rẹ̀ ní láti wọṣọ iṣẹ́ tí kò ṣe mọ́ kó tó lè kí i. Mo sì mọ̀ ọ́n. Ọdún tí wọ́n lé ọmọ bíríkìlà àdúgbò wa lẹ́nu iṣẹ́, o wá sílé, a jọ ń jẹun, mo ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú, mo ní ẹnì kan kì í lé òṣìṣẹ́ gidi. Ìyá rẹ ní kí n jẹ oúnjẹ mi. O wolẹ̀. Ẹnu mi ló wọ aṣọ yẹn sí ọ lọ́rùn. Mo ti lọ bá bíríkìlà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò tiẹ̀ rántí, ṣùgbọ́n ó rántí. Ìwọ náà, mo bẹ̀ ọ́.

Lẹ́tà kejì tó wà nínú àpòòwé yìí, àwọn olóògùn ni mo kọ ọ́ sí. Mo ní akọ̀wé ni mí, mo mọ ohun tí àṣìṣe inú ìwé ń dá sílẹ̀. Mo ní níbi tí mo kọ ení, kí wọ́n kà á sí àrún. Níbi tí mo kọ èjì, kí wọ́n kà á sí ẹ̀rin. Níbi tí mo kọ àrún, kí wọ́n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, mo dárí jì ọ́. Ibi tí mo kọ ọ̀tá sí ló le. Mo ya ìwé mẹ́ta, nítorí bí mo bá ní o ò sọ fún mi, ó dà bí ẹni pé ẹlẹ́tàn ni ọ́. Níkẹyìn mo kọ ọ́ báyìí: Òun ló sọ òtítọ́ fún yín, èmi ni kò rí i sọ fún. Ọmọbìnrin oníṣọ́ọ̀bù ní òun lè fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wọn kí n tó dìde lórí àga. Mo ní rárá, mo ti yára jù lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò rẹ ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́la nínú ọkọ̀ rẹ̀. Kà á. Bó bá dáa, gbé e lọ fún wọn kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Bí kò bá dáa, ya á, o ò ṣẹ̀ mí.

O mọ̀ pé lẹ́tà mi kì í parí láìtọrọ owó. Mo ti pinnu pé n ò ní tọrọ nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí, kó o má fi owó àtẹ̀gùn ránṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní bí n ò bá tọrọ, àyà rẹ á já, wàá ní bóyá ẹnì kan ti kú tàbí a ti kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Nítorí náà, mo tọrọ owó bírò kan. Bírò lásán ni o, má fi kún un.

Ọlọ́run tó fún ọ lójú tó ń rí ohun tó sán á fi ọ́ síbi tí wọ́n ti mọyì rẹ̀. Iṣẹ́ á wá ọ kàn. Wọn ò ní gbé páálí fún ọ mọ́ láyé.

Jọ̀wọ́ tètè kọ̀wé padà, àbúrò rẹ á dúró gbà á. Bí wọ́n bá gbà ọ́, kọ ọ́. Bí wọn ò bá gbà ọ́, kọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ kọ, kí gbogbo ìkíni tó bẹ̀rẹ̀, ni pé Bàbá, wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu fọ́ọ̀mù, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò rẹ. Lẹ́nu rẹ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ. Má jẹ́ kó pẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.