Ìdí Tí N Kò Fi Bá Ọmọ Mi Ṣe Ìṣirò Mọ́

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópó Kejì.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Ara tèmi le, àmọ́ ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe ti iṣẹ́ o, ti ọmọ ni.

Tíṣà ìṣirò àbíkẹ́yìn mi ló ránṣẹ́ pè mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo wọ bàtà tó dáa lọ, mo rò pé wọ́n fẹ́ yìn ín ni, torí kò sí iṣẹ́ àṣetiléwá tí kì í ti í gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Tíṣà tẹ́ ìwé àṣetiléwá àti ìwé ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ gba mẹ́sàn-án. Ọmọ yín ló gba ẹyọ kan." Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi kọ́ àwa ní ìṣirò ló tú àṣírí mi! Ilẹ̀ ò lanu kí n kó sí i.

Ìwọ náà mọ̀ mí. Bí ọmọ bá ti fi bíró họ orí lẹ́ẹ̀mejì, màá ní, "Gbé e wá." Màá ṣe é, á dà á kọ.

Tíṣà ní bó bá kùnà ìdánwò ìparí ọdún, yóò tún kíláàsì náà ṣe ni. Ó wá bi ọmọ, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pé kí ló fẹ́ ṣe sí i. Mo ti la ẹnu láti dáhùn, tíṣà na ìka sí mi. Ọmọ kọjú sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa gba òdo tèmi. Mi ò lè mọ ibi tí mo ti ń ṣì í, nígbà tí mi ò tíì ṣe é fúnra mi rí."

Láti ìgbà náà, ó ti gba méjì, ó ti gba mẹ́rin. Fúnra rẹ̀ ló ń lọ bá tíṣà lásìkò ìsinmi. Ìdánwò ku oṣù kan. Oorun ò kùn mí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tilẹ̀ là mí lójú. Ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n pè mí láti ibi iṣẹ́ lánàá, pé kí n bá òun kọ lẹ́tà ìsinmi sí ọ̀gá òun! Mo ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ó bínú, ó pa fóònù. Èmi ni mo sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, àbúrò mi. Bí àbíkẹ́yìn tìrẹ bá wọ ilé ìwé lọ́dún tó ń bọ̀, jọ̀ọ́, má gba bíró lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ ń wẹ̀, ìwé rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Mo rí i ní ìbéèrè kẹta: ó ṣe àròpọ̀ níbi tó yẹ kó ti ṣe àyọkúrò. Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. Ó jáde, ó pa ìwé dé, ó gbé e lọ sí ilé ìwé bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹnu ọ̀nà ló ń dún yẹn, ọmọ ti dé. Mi ò ní béèrè iye tó gba.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í gbàgbé rẹ,
Aláròyé