Ìgò Ọ́ìlì Bíréèkì Tí Mi Ò Tíì Rí Gbà Padà

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀rù ń bà mí. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní kọ́kọ́ bú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi mú báírò.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, èmi ni mo ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù páàtì ọkọ̀ yín ní Ìlódè. Ẹ rántí pé agolo ọ́ìlì bíréèkì tí wọn ò tíì ṣí nìkan lẹ máa ń tà? Bí ìdérí ọ̀kan bá ti ṣí pẹ́nrẹ́n, ẹ ò ní tà á mọ́, bí oníbàárà tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Lójú tèmi, ìfiṣòfò ni. Mo ra gálọ́ọ̀nù ńlá kan, mo ń bù ú sínú ìgò kéékèèké fún àwọn tí kò fẹ́ odindi. Ìdérí gálọ́ọ̀nù náà sán, mo fi ọ̀rá wé e lẹ́nu. Gbogbo òjò ọdún yìí, ẹ̀gbẹ́ ògiri tó ń rin yẹn ló wà. Omi ò kán sí i, Màámi, mo lè búra. Mi ò mọ̀ pé fúnra ọ́ìlì yẹn ló máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu.

Lọ́jọ́ Ajé, Bọ̀ọ̀dá Ráfíù, tó ra ìgò kan lọ́wọ́ mi, tó ń kó èrò lọ sí Ìpetumodù, ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè kan. Ó tẹ bíréèkì títí ó fi gbóná, omi inú ọ́ìlì hó, bíréèkì rì wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ ò dúró. Ó darí rẹ̀ lu òkìtì iyanrìn kó má baà kọlu ọkọ̀ tó wà níwájú. Apá rẹ̀ kán, àmọ́ èrò kankan ò fara pa. Mẹkáníìkì tó tú ọkọ̀ náà gbé ìgò mi wá bá mi.

"Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé ọ́ìlì tẹ́ ẹ tà fún un ti gbomi?"

Mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá Ráfíù lórí ibùsùn, mo jẹ́wọ́. Kò bú mi. Ó kàn kọjú sí ògiri. Ì bá tiẹ̀ gbá mi létí.

Èèyàn méjì ló tún rà nínú rẹ̀. Mo rí tíṣà kan ní Òkèrèwè, wọ́n ti fa ti ọkọ̀ rẹ̀ dànù. Ìkejì ni mi ò rí: obìnrin kan tó pọn ọmọ, tó ní ọkọ òun ló rán òun. Ẹ̀yin ì bá ti bi í pé ọkọ̀ ta ni, ọ̀nà wo ló ń rìn. Èmi ò bèèrè nǹkan kan. Mo ti wá a dé gbogbo gáréèjì. Mo kọ ọ́ sára pátákó níwájú ṣọ́ọ̀bù pé kí ẹni tó rà á má lò ó, kó dá a padà, àwọn èèyàn ń kà á, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń kọjá lọ.

Kí ni kí n tún ṣe, Màámi? Ta ni kí n bi? Bóyá wọ́n ti dà á sínú ọkọ̀. Bóyá tìyá tọmọ ló wà nínú rẹ̀ báyìí, tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ òkè.

Obìnrin kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó pọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n sáré jáde.

Kì í ṣe òun.

Èmi ọmọ yín, tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, tó ń ṣàárò yín.