Ìyálé Mi Onírin

Mọ́ńdè, 25 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọjọ́ kẹtàdínlógún tí Akóredé ti kú. Ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n pákó ni mo ń kọ eléyìí sí, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣófo. Mi ò kàwé dé ibì kan. Kò ṣe nǹkan. Kò sẹ́ni tó máa kà á. Kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa kà á.

Mò ń ṣe opó. Oṣù mẹ́rin ọjọ́ mẹ́wàá, mi ò gbọdọ̀ jáde, ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí ò gbọdọ̀ rí ojú mi. Fèrèsé yàrá ni ìta mi báyìí. Ibẹ̀ ni mo ti ń wo máṣíìnì ìfági tó wà lẹ́yìnkùlé. Gbogbo ayé ní òun ló pa ọkọ mi.

Wọ́n fi tapólì bò ó. Òjò ń rọ̀ lé e.

Sọ́míìlì kan tó ti kú ní Ọ̀kà ni Akóredé ti lọ rà á. Irin Òyìnbó àtijọ́. Ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé e sọ̀ nílé wa ní Ìkàrẹ́ níbí, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi pé èèyàn ò mọ orí ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀. Mo ní kí lèyí? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kúnlẹ̀ kí i o, Limota. Ó dàgbà jù ẹ́. Ìyálé ẹ ni." Bó ṣe di Ìyálé nìyẹn. Tó bá pẹ́ níbẹ̀ lálẹ́ màá ní, "Ìyálé mi ò tíì tú ẹ sílẹ̀?"

Àlàmísì, 28 Ọ́gọ́ọ̀sì

Habeebat ọmọ mi ti ń di ògiri mú rìn. Ó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń pe tapólì ní "Baba, baba".

Sọ́ńdè, 31 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n ṣèpàdé ní pálọ̀. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì.

Ìyá Ọ̀kà, ìyá ọkọ mi, wà níbẹ̀ — ọ̀dọ̀ wa ló ń sùn látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Bọ̀dá Gíga náà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n Akóredé. Badmus lorúkọ ẹ̀ ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ pe orúkọ yẹn, gíga ẹ̀ ni mo fi ń pè é. Ó ní kí àwọn onípàǹtí irin wá fi òòlù fọ́ máṣíìnì yẹn, kí wọ́n kó o lọ. Ni Israel bá dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n má fọ́ ọ. Israel ọmọ Ifira, rìwáyà ni, òun ló máa ń tún mọ́tọ̀ iná ṣe. Òun àti Akóredé ti ń bára wọn bọ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́.

Ìyá Ọ̀kà ní, "Kí lo fẹ́ fi irin tó jẹ ọmọ mi ṣe?"

Ó ní, "Màámi, ó kù díẹ̀ kó parí ni. Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀ fún un. Àwọn káfíńtà á máa wá fági níbí, ọmọ ẹ̀ á máa rí jẹ níbẹ̀."

Bọ̀dá Gíga ní ọmọ wo? Ó ní ọmọ Ọ̀kà ni Habeebat, tí opó bá parí àwọn máa mọ ibi tó máa gbé. Ó wá fi èdè Ọ̀kà tó jinlẹ̀ sọ èyí tó kù kí n má bàa gbọ́. Mo gbọ́ "ìyàwó". Mo gbọ́ "ojú ẹ̀".

Ìyá Ọ̀kà fún Israel láyè títí di ọjọ́ ogójì. Tí kò bá dún, kí wọ́n fọ́ ọ.

Ojú mi. Kí ni wọ́n rí lójú mi?

Àtàlátà, 2 Sẹpitẹ́ńbà

Israel ṣí tapólì. Ó da kẹrosíìnì sí gbogbo oríkèé ẹ̀. Kò pẹ́ tó fi há sí i. Bóòtù ayé àtijọ́ ni bóòtù Ìyálé, nọ́ọ̀tì ìsinsìnyí kì í wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tiẹ̀. Gbogbo ẹ̀ wà nínú agolo mílíìkì. Èmi ni mo fọ̀ wọ́n nígbà tí Akóredé ń tú u. Mi ò lè kọ orúkọ wọn, torí ẹ̀ ni mo ṣe so òwú mọ́ wọn lọ́rùn.

Ó wá sẹ́bàá fèrèsé, ó kọ̀yìn sí i bó ṣe yẹ. "Ìyá Habeebat, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ti abẹ́ tábìlì?"

Mo ní olówùú pupa. Dúdú ni ti ibi tí abẹ ń jókòó. Èyí tó ní ìrépé aṣọ àǹkárá, kó má tíì fi ọwọ́ kàn án, bẹ́ítì ni yóò kọ́kọ́ wọlé.

"Bẹ́lítì lẹ ń wí?"

"Bẹ́lítì. Ṣé ẹ máa fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ mi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Akóredé lọ fẹ́ káfíńtà, kò sọ fún wa!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ohùn mi bà mí lẹ́rù. Mo wo ẹnu ọ̀nà, bóyá Ìyá Ọ̀kà gbọ́.

Jímọ́ọ̀, 5 Sẹpitẹ́ńbà

Wọ́n ti lọ kírun Jímọ́ọ̀. Ilé dákẹ́. Jẹ́ n kọ ọ́ kó kúrò láyà mi.

Sátidé ni. Iná ò sí látàárọ̀. Akóredé wà lára Ìyálé. Ó ti fi ṣénjófà sí àárín — swíìṣì ńlá tó wà lára ògiri pálọ̀. Òkè ni nẹ́pà, ìsàlẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀, àárín ò níná rárá. Òfin ilé wa ni pé tó bá ti wà láàrin, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi òun. Kò kọ ọ́ sára ògiri. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni.

Ara Habeebat ń gbóná. Ó ń ké, ó ń ké. Wọ́n pe ìrun Alásàrì. Òòlù dákẹ́. Akóredé kì í fi Alásàrì ṣeré, tí wọ́n bá ti pè é ó ti lọ. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pariwo "Ọ́p Nẹ́pà!" Mo ní ó ti lọ mọ́ṣáláṣí. Ọmọ ń gbóná lọ́wọ́ mi bí ìkòkò. Mo ti ṣénjófà sókè kí fáànù lè yí.

Fáànù yí.

Kò lọ. Ẹnu wáyà mọ́tọ̀ ló ń fi sánpépà fọ̀, sánpépà ò sì ń pariwo. Bóyá ó fẹ́ parí ojú kan kó tó lọ.

Ọmọ sùn. Mo yọjú sẹ́yìn. Ó dorí kodò sórí tábìlì Ìyálé bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo sáré wọlé, mo fa ṣénjófà padà sí àárín. Mo wá pariwo.

Mo fà á kí ẹlòmíì má bàa kú. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí èrò pé, tí wọ́n ń bi mí pé iná dà, ìgbà wo niná dé — mo ní ṣénjófà wà láàrin.

Ó wà láàrin lóòótọ́. Gbogbo wọn rí i.

Sátidé, 6 Sẹpitẹ́ńbà

Mo ti gbé ìwé yìí sínú àpò ìrẹsì, sísàlẹ̀ pátápátá.

Àtàlátà, 9 Sẹpitẹ́ńbà

Tábìlì Ìyálé ti ń dán. Mo rí ojú ọ̀run nínú ẹ̀ látojú fèrèsé.

Israel gbé mọ́tọ̀ sílẹ̀ lónìí, ó ṣí ìdí ẹ̀. Ó yọ nǹkan kan bí agolo kékeré. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ọkùnrin bí Israel.

Ó pẹ́ kó tó wá sí fèrèsé. "Ìyá Habeebat. Lọ́jọ́ yẹn. Ṣénjófà wà láàrin, àbí?"

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Ẹnu mi wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ó wà láàrin."

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo fojú mi rí i." Ó lọ. Kò kó irinṣẹ́ ẹ̀.

Jímọ́ọ̀, 12 Sẹpitẹ́ńbà

Ó sọ ọ́ fún mi. Agolo kékeré yẹn, kapásítọ̀ lorúkọ ẹ̀. Iná máa ń fara pamọ́ sínú ẹ̀. Wọ́n á ti pa swíìṣì, iná á ti lọ, òun á ṣì di tiẹ̀ mú. Ó ní ó yẹ kóun ti pa iná inú ẹ̀ kóun tó gbé mọ́tọ̀ fún Akóredé. Ó ní òun ò rántí bóyá òun ṣe é. Ó ní iná ò sí nínú ilé, ṣénjófà wà láàrin, ibo ni iná tó pa á tún lè ti wá?

"Èmi ni mo pa á, Ìyá Habeebat. Ẹ forí jì mí."

Ẹ forí jì mí. Èmi ló ń bẹ̀.

Ó ní tó bá di ogójì, tí Ìyálé bá ti dún, òun máa sọ fún wọn. Ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fòun ṣe.

Mo di kọ́tìnì mú.

Sọ́ńdè, 14 Sẹpitẹ́ńbà

Fọlákẹ́ ìyàwó Israel wá kí mi. Ó ní ọkọ òun ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, ọkùnrin náà ní òun ń padà sóko ní Ifira, òun ò tún mọ́tọ̀ ẹnikẹ́ni ṣe mọ́. Kì í jẹun. Ó bi mí pé ṣé mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

Mo ní mi ò mọ̀.

Ìyá Ọ̀kà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó gbé Habeebat lé itan. Bí ọmọ yẹn ṣe ń fà á létí tó ń rẹ́rìn-ín. Tí mo bá la ẹnu, itan yẹn lọmọ mi máa kù sí, wọn ò ní gbé e fún mi mọ́.

Mọ́ńdè, 15 Sẹpitẹ́ńbà

Olówùú dúdú ló kù. Mo sọ ibi tó ń lọ fún Israel. Ó wọlé pẹ́kí.

Àlàrùbá, 17 Sẹpitẹ́ńbà. Ogójì.

Àlùfáà ti ṣàdúà tán. Èrò ṣì kún ẹ̀yìnkùlé. Israel ní kí wọ́n sún sẹ́yìn, ó tan Ìyálé. Ó kọ́kọ́ wúkọ́, bí àgbàlagbà tó ń jí. Ó wá ń dún. Ìró kan náà gbọnrangandan, kò gbọ̀n, kò tàsé. Ó ti pákó àpá kan wọlé, ó jáde lódìkejì, ó ń dán bí awọ ọmọ tuntun. Ìyá Ọ̀kà fi ọwọ́ pa á. Ó sunkún. Ó ní, "Akóredé, wọ́n bá ọ parí ẹ̀ o."

Ìgbà yẹn ni Israel kúnlẹ̀. Ó sọ ti kapásítọ̀.

Mo gbọ́ ìgbátí látinú yàrá. Bọ̀dá Gíga di í lọ́rùn mú, ó ń pariwo ọlọ́pàá, ẹ pe ọlọ́pàá. Israel ò fọwọ́ bojú. Fọlákẹ́ ń ké.

Mo jáde.

Pẹ̀lú aṣọ opó, lójú gbogbo ọkùnrin. Àlùfáà ní Sùbúhánàllàhì, ẹ padà wọlé, ìyá. Mo ní mi ò padà. Mo ní ẹ fi í sílẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo tan iná. Mo sọ ti Alásàrì, ti fáànù, ti bí mo ṣe fà á padà sí àárín tí mo fi dákẹ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀ tán, mo sì ń sọ ọ́ lọ.

Kò sẹ́ni tó rántí pa Ìyálé, ó ń dún lásán.

Ìbéèrè kan péré ni Ìyá Ọ̀kà bi mí. "Ṣé ó ké?"

Mo ní, "Rárá, Màámi. Kò ké rárá."

Ó mi orí. Ó rìn kọjá lára mi wọ yàrá, ó gbé Habeebat lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò rí ọ̀já, ó tú gèlè orí ẹ̀, ó fi pọ̀n ọ́n. Ó ní, "Má tẹ̀ lé mi." Kò pariwo. Ì bá ti dáa tó bá pariwo. Bọ̀dá Gíga ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún wọn. Habeebat ń juwọ́ sí mi, ó rò pé a jọ ń lọ ni.

Èrò tú ká. Israel dúró níta fèrèsé mi títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Lọ́tẹ̀ yìí ó kọjú sí mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń dúpẹ́ ni àbí ó ń ṣépè.

Àlàmísì, 18 Sẹpitẹ́ńbà

Láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, ọ̀kadà ò pẹ́ níbẹ̀. Opó ò jẹ́ kí n lọ. Mo ti ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo lè ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ó ní kí n má tẹ̀ lé òun.

Wọn ò tíì ránṣẹ́.

Ọmú mi ti kún látàárọ̀, ó le bí òkúta, ó ti dà sí aṣọ dúdú yìí. Mo fún un sínú kọ́ọ̀bù. Ó dé ìdajì. Mo gbé e dé ojú ilẹ̀kùn láti dà á nù, mi ò lè dà á. Mo fi àwo dé e.