Ọwọ́ Tó Wà Lára Ológbò

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ òru o.

Ẹ má wulẹ̀ wá ológbò yín kiri, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ló wà. Ẹ̀jẹ̀ tún ń jáde ní èrìgì rẹ̀ láàárọ̀, ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, èmi ìkà.

Dókítà ní ohun tó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ti lọ sílẹ̀ gan-an lára rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, ẹ̀jẹ̀ á sun sábẹ́ awọ, ibẹ̀ á sì dúdú. Àmì dúdú ara ikùn rẹ̀ nìyẹn, tí ẹ torí rẹ̀ bú mi lánàá lójú gbogbo ayálégbé, pé mo ń fẹsẹ̀ gbá a. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe àgbà tó bá gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá. Ológbò ò tiẹ̀ rojọ́.

Dókítà bi mí pé ta ló máa ń gbé e. Mo ní ẹ̀yin ni, ológbò yín náà ò kúkú gba tèmi. Ó wá fi ìka tirẹ̀ lé àwọn àmì náà: mẹ́rin lápá kan, àtàǹpàkò lápá kejì. Ó ṣe wẹ́kú.

Oògùn rẹ̀ wà lórí fíríìjì. Ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ sì má gbé e rárá. Bó bá fẹ́ yín, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ayálégbé wà nílé. Ohùn tí ẹ fi pè mí ní ìkà lánàá, òun náà ni kí ẹ fi sọ ẹni tó ni ọwọ́ náà fún wọn.

Àbúrò yín.