Àkọ́bí Tí Ó Wà Nínú Ìpolówó Wàrà

Ìlú Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni wọ́n bí màmá wa, Olóògbé Julianah Yéjídé Oyèṣọlá, sí ní ọdún 1941. Bàbá wọn ni Bàbá Ọlágòkè, àgbẹ̀ kòkó. Ìyá wọn ni Màmá Susannah, tí kì í fi ìpàdé àdúrà ṣeré. Iléṣà ni wọ́n ti kàwé kí wọ́n tó lọ kọ́ èdè Faransé ní Paris ní 1965.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọjà ní 1968, ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe fíìmù ìpolówó gbà wọ́n síṣẹ́. Ayé ń gbọ́ ti iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Ìdílé a máa jókòó wo ìpolówó bí ẹni ń wo eré. Ní 1970, obìnrin tí ó yẹ kí ó gbé ọmọ nínú ìpolówó wàrà kò wá. Wọ́n yá ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ obìnrin ará Senegal kan, màmá wa sì fi ọ̀já pọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni gbogbo rẹ̀.

Àṣìṣe màmá wa ni pé wọ́n fi fọ́tò ìpolówó náà ránṣẹ́ sílé láìkọ lẹ́tà mọ́ ọn. Màmá Susannah rí ọmọ lẹ́yìn ọmọ wọn, wọ́n ka ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n ra oyin àti iyọ̀, wọ́n pe pásítọ̀, wọ́n sì sọ ọmọ ní Ọlọ́runyọmí. Kí màmá wa tó gbọ́, ilé ti jẹ, ilé ti mu, orúkọ sì ti wọ ìwé ìjọ.

Ojú ti màmá wa. Nígbà tí Màmá Susannah bi wọ́n nínú lẹ́tà bóyá ọmọ ti yọ eyín, wọ́n ní ó ti yọ. Wọ́n tún ní ó ti ń rìn. Irọ́ ni, a kò ní fi bò.

Nígbà tí màmá wa padà sílé ní 1973, àwọn nìkan ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Màmá Susannah ń wo ẹ̀yìn wọn. Màmá wa kúnlẹ̀, wọ́n jẹ́wọ́. Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún ayọ̀: ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀, tí wọ́n rò pé ọmọ ti kú nítorí tí fọ́tò rẹ̀ kankan kò wá mọ́, tí a kàn ń fi pamọ́ fún àwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ màmá wa pé kí ìjọ má gbọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá bèèrè, “ó wà ní Paris” ni ìdáhùn.

Màmá wa fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Oyèṣọlá, tíṣà ní Òṣogbo, ní 1975, wọ́n sì ń ṣe ìpolówó fún tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n darí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ fún ọdún méjìlá. Lórí àkéte àìsàn, wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ sin àwọn kí ìjọ tó gbọ́ òótọ́.

Ọmọ méjì, Làbákẹ́ àti Àgbékẹ́, àti ọmọ-ọmọ méje ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ìjọ tí ẹ ń wo ẹnu ọ̀nà fún àkọ́bí láti Paris, ẹ má wo ọ̀nà mọ́. Kò sí ẹni tó ń bọ̀. Làbákẹ́ ni àkọ́bí.

A ti sọ ọ́, Màmá. Ara tù wá. Ẹ sùn fọnfọn.